182.5 kí ni? Àkọsílẹ̀ igi nínú igbó ìwádìí

Ẹ jẹ́ ká ní igi àràbà kan wà nínú fáìlì yín, nọ́ńbà rẹ̀ 0417, wọ́n kọ 182.5 síwájú rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà ni àbí mìlímítà? Àyíká igi ni wọ́n wọ̀n, àbí ìdábùú rẹ̀? Téèpù télọ̀ lásán, àyíká ló ń fún wa. Téèpù tí wọ́n ṣe fún igi ti fi 3.14 pín in sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá lo téèpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àlàyé kò sì sí, àràbà yẹn lè sanra ní ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún kan, kó tún rù lọ́dún kejì.

Ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n ló tún le jù. Gíga 1.3 mítà láti ilẹ̀ ni wọ́n ń lò káàkiri. Ṣùgbọ́n ìdí àràbà máa ń yọ gbòǹgbò pẹrẹsẹ tó dúró bí ògiri, téèpù kò sì lè rí ara igi gan-an mú níbẹ̀. A óò gun àkàbà, ká wọ̀n ọ́n ní 50 sẹ̀ǹtímítà sókè ibi tí ògiri náà parí sí, ká fi ọ̀dà fa ìlà síbẹ̀, ká sì kọ gíga ìlà yẹn sínú òpó tirẹ̀ nínú tábìlì. Ògiri yẹn ń dàgbà o. Tó bá fẹ́ bá ìlà, a óò gbé ìlà sókè, ìwọ̀n méjèèjì la sì gbọ́dọ̀ mú lọ́jọ́ yẹn, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Bí a bá mú ti tuntun nìkan, igi á dà bíi pé ó joro, nítorí pé òkè rẹ̀ tín-ín-rín ju ìsàlẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni èyí, kó wo erékùṣù Barro Colorado ní Panama, níbi tí wọ́n ti ń ka gbogbo igi tí ìdábùú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan nínú 50 hẹ́kítà. Nínú kíkà ti ọdún 1982 àti 1985, igi tí kò tó 55 mìlímítà, ńṣe ni wọ́n ń rẹ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún: 23 á di 20. Láti 1990 ni wọ́n ti ń kọ mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi 1985 wé 1990 láìmọ èyí á rò pé igi kéékèèké ṣàdédé yára dàgbà, òṣùwọ̀n ló sì yí padà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìṣirò fi ṣeé tún ṣe.

Ọjọ́ ńkọ́? 03/04/2019, lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ti Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, kò sì ní pariwo. Ẹ kọ 2019-04-03.

Òdo yàtọ̀ sí àìwò. Níbi òṣùwọ̀n òjò, 0 túmọ̀ sí pé a wò ó, òjò kò rọ̀. Tí a kò bá wò ó, ẹ kọ NA, ìyẹn ni pé kò sí ìwọ̀n. Àwọn kan ṣì ń lo -9999 dípò rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé láti yọ ọ́, àròpọ̀ òjò oṣù rẹ̀ á di ẹ̀rín.

Orúkọ igi náà ní wàhálà tirẹ̀. Chlorophora excelsa ni ìrókò ń jẹ́ nínú ìwé àtijọ́, Milicia excelsa ni lónìí. Ẹ má pa èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù rẹ́. Ẹ fi orúkọ òde òní sí òpó kejì, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹ bá ń kọ orúkọ Yorùbá, ẹ ṣọ́ra fún àmì. Excel, ètò tábìlì orí kọ̀ǹpútà, tí a bá ní kó kọ fáìlì CSV lásán, lè sọ lẹ́tà alámì inú ọ̀gánwó di àmì ìbéèrè; CSV UTF-8 ni kí ẹ yàn. Èyí tó tún ń dọ́gbọ́n pamọ́ ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ọ: lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tó dá dúró. Ojú kò lè dá wọn mọ̀, àmọ́ tí ẹ bá ka irú igi, ọ̀gánwó kan á di méjì. Nínú R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, àṣẹ stri_trans_nfc láti inú àkójọ stringi á sọ wọ́n di ọ̀kan náà.

Àwọn ibùdó LTER ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí àyíká ọlọ́jọ́ pípẹ́, ń kọ gbogbo àlàyé yìí sínú fáìlì EML, ìyẹn fáìlì tó ń ṣàlàyé dátà: orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n rẹ̀, ohun tí NA dúró fún. Ẹni tí kò bá ní agbára ìyẹn, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tó jókòó sínú fódà kan náà pẹ̀lú dátà ti tó. Fáìlì tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù, ẹ tì í pa kí ẹnikẹ́ni má lè tún un ṣe. Inú skíríìpù, ìyẹn àkọsílẹ̀ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ni kí gbogbo àtúnṣe wà, kí ìdí rẹ̀ sì wà lórí ìlà kan náà.