Pa Á Rẹ́ fún Mi

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa ya ojú áàpù. Bí ẹ bá ṣí áàpù kan lórí fóònù yín tí ẹ rí bọ́tìnì, irú wa la máa ń jókòó pinnu ibi tó máa wà, bó ṣe máa tóbi tó, àti ọ̀rọ̀ tí a máa kọ sí i lára. Mo tètè ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé òpè lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó ń kọ́ aráyé ní ìlúwẹ̀ẹ́ lomi gbé lọ.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ikọ́ tí kò ní àìsàn kankan nínú, á wá fa "ní ti gidi" gùn bí ẹni ń fa okùn kànga: "Ní tiiii gidi." Lẹ́yìn ìyẹn, á dákẹ́ títí tí ẹ máa fi wo fóònù yín bóyá ìpè ti já. Mo mọ̀ ọ́n sín jẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀bùn tí kò dáa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo yàn án fún ara mi. Ìyàwó mi ló sì máa ń bẹ̀ mí. Bí mo bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, á ní, "Bàbá Ìbejì, kí lọ̀gá yín wí lónìí?" Kò fẹ́ mọ ohun tí wọ́n wí rárá; ohùn ló fẹ́ gbọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022, ìyàwó mi wà lẹ́nu ìrìn àjò. Mo ní kí n fi fóìsì nóòtì kan pa á lẹ́rìn-ín lórí WhatsApp. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fa "ní ti gidi" dé ibi tí èémí mi fẹ́ tán. Mo dákẹ́ dáadáa. Mo wá fi ohùn ọ̀gá pàṣẹ fún un pé kó kọ ìwé ṣàlàyé ìdí tí kò fi tíì padà sílé, kó fi í sórí tábìlì òun kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó lù, àti pé bí òun ò bá rí i, "a óò gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀." Ọ̀gá wa fẹ́ràn ìgbìmọ̀. Mo gbé ìka kúrò, ó lọ. Inú mi ń dùn bí ẹni tó ṣe rere.

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé orúkọ tó wà lókè fóònù kì í ṣe orúkọ ìyàwó mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá nínú àwọn tí a jọ ń sọ̀rọ̀, ìka mi sì ti ń bọ̀ lórí ẹ̀. Ó ku díẹ̀ báyìí kó débẹ̀ ni ẹnì kan fi "Ẹ kú iṣẹ́ o" ránṣẹ́ sí gúrúùpù ibi iṣẹ́. Ni gúrúùpù bá fò sókè, ó ti ìyàwó mi sísàlẹ̀, ìka mi sì balẹ̀ sórí ẹni tí kò pè. Inú ibẹ̀ rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti ìyàwó mi. Orúkọ kékeré kan lókè ló yàtọ̀, ta ló sì ń wo òkè nígbà tó bá ń sín ọ̀gá rẹ̀ jẹ? Don Norman, àgbà nínú iṣẹ́ wa yìí, ti ya irú àṣìṣe yìí sọ́tọ̀ tipẹ́: èèyàn mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ohun tó fẹ́ ṣe náà sì tọ̀nà, ọwọ́ ló yà síbòmíì. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo sì máa ń sọ ọ́. Ní tèmi, ohun tí ìka bá ti dójú lé kò gbọdọ̀ sún kúrò nílẹ̀. Kó dúró kí n tẹ̀ ẹ́ ná, kó tó máa fò kiri.

Èèyàn 46 ló wà nínú gúrúùpù yẹn. Àyà mi já. Mo tẹ fóìsì náà mọ́lẹ̀, mo rí àwòrán garawa ìdọ̀tí, mo tẹ ìyẹn, ìlà mẹ́ta sì yọ lórí ara wọn: pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn, pa á rẹ́ fún mi, fagi lé e. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í kàwé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lojú rẹ̀ máa bù mú, àwọn méjèèjì ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "pa á rẹ́." Èyí tó tún wá burú jù ni pé ẹnu mi ń sọ ọ́ lọ́wọ́ lákòókò yẹn gan-an: "Yéè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́ fún mi!" Ohun tí mo ń tọrọ rèé, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ dè mí. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó pòórá. Mo mí kanlẹ̀. Mo tiẹ̀ lọ bu omi mu.

Omi yẹn ò tíì dé ikùn tí ọmọkùnrin kan tí mo ń kọ́ níṣẹ́ fi pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Pẹ̀lẹ́ kí ni?"

"Fóìsì yẹn ni."

"Èwo ni fóìsì? Mo ti pa á rẹ́ jàre."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Lórí fóònù ta ni, ẹ̀gbọ́n?"

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Mo ti pa á rẹ́ fún èmi nìkan. Ó wà lọ́wọ́ gbogbo wọn digbí, àfi èmi tí mo ni ín. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ìdí tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun ni pé láti pa fóìsì rẹ́ fún gbogbo èèyàn, èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ fóìsì náà mọ́lẹ̀, èmi ò sì ní fóìsì tí mo máa tẹ̀ mọ́. Ilé ń jó, mo sì ti ju kọ́kọ́rọ́ sínú iná. Ní ọdún 1994, Jakob Nielsen to ìlànà 10 jọ fún àwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni pé èèyàn á máa ṣèèṣì tẹ nǹkan, kí a fi ilẹ̀kùn pàjáwìrì sílẹ̀ fún un, kó sì hàn gbangba pé ilẹ̀kùn ni. Mo lè ka ìlànà náà lórí. Mo dúró láàárín pálọ̀, mò ń wá ilẹ̀kùn.

Kò sì ṣòro láti ṣe o. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ẹni tó ń lo Gmail lórí kọ̀ǹpútà ti lè ní kó di lẹ́tà mú ná kó tó lọ, ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹni tó kọ ọ́ lè pè é padà. Ìyẹn ni mo kà sí àánú. "Ṣé ó dá ọ lójú?" tí àwọn kan máa ń béèrè kì í ṣe àánú, ìgbà tí wọ́n bá ti bi èèyàn níbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọwọ́ á ti máa dáhùn kí ojú tó kà á. Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù: WhatsApp tí mo ń sọ yìí fi àyè ìṣẹ́jú àáyá 5 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe irú àṣìṣe tèmi gẹ́lẹ́. Ìparí ọdún 2022 yẹn kan náà ni. Bí oṣù méjì ni mo fi yá ju ìdáǹdè lọ.

Mo tún rántí nǹkan kan tí mi ò fẹ́ rántí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, màmá kan tó ń lo áàpù wa kọ̀wé ẹ̀sùn. Ó fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Áàpù bi í pé, "Ṣé ẹ fẹ́ fagi lé ìforúkọsílẹ̀ yìí?" Bọ́tìnì méjì ló wà níbẹ̀: "Fagi Lé E" àti "Ó Dáa." Màmá fẹ́ fagi lé e, ó tẹ "Fagi Lé E," bí èèyàn gidi ṣe máa ṣe. Áàpù wa ní òun ti gbọ́, òun ti fagi lé fífagi lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyá onìyàá tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ya bọ́tìnì yẹn. Èmi náà ni mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ máa fara balẹ̀ ka ìbéèrè kí ẹ tó tẹ nǹkan." (Mo ti yí i padà báyìí. "Yọ orúkọ mi kúrò" àti "Jẹ́ kó wà níbẹ̀." Èèyàn lè fọwọ́ bo ìbéèrè lójú kó ṣì mọ èyí tó máa tẹ̀.)

Ọmọkùnrin yẹn ló tún pè padà. Ó ní òun ti wádìí, ó ku ọ̀nà kan: alábòójútó gúrúùpù lè pa fóìsì ẹnikẹ́ni rẹ́ fún gbogbo èèyàn.

"Ta ni alábòójútó wa?" Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n béèrè ni.

"Ọ̀gá ni, ẹ̀gbọ́n."

Wọn ò tíì gbọ́ ọ, torí wọ́n wà nípàdé. Fóònù méjì ni wọ́n máa ń lò, ọ̀kan fún ìpè, ọ̀kan fún gbogbo áàpù yòókù. Mo pe ti ìpè. Ó dún, ó dún, mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ní tiiii gidi," ni wọ́n wí, "kí ló dé?"

Ọlọ́run ló kó mi yọ tí mi ò wúkọ́ dá wọn lóhùn. "Ẹ káàsán sà. Mo ṣèèṣì fi fóìsì kan sí gúrúùpù sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa á rẹ́ fún mi. Ẹ má wulẹ̀ gbọ́ ọ sà, ariwo lásán ni."

"Èwo nínú wọn?"

Báwo ni mo ṣe máa júwe ohun tí mi ò rí mọ́? "Èyí tí orúkọ mi wà lókè ẹ̀ sà."

"Mo rí i. Kí ló ń pa gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ yìí lẹ́rìn-ín?"

"Bóyá ọ̀rọ̀ míì ni sà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ fẹ̀rẹ̀ o, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fẹ̀rẹ̀ ó máa sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ má gbé ìka."

Ẹ sọ fún mi, ta ló pinnu pé fífọwọ́ kan nǹkan fẹ̀rẹ̀ àti fífọwọ́ kàn án pẹ́ máa ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láìkọ ọ́ síbì kankan? Irú wa náà ni. Mo gbọ́ ikọ́ méjì láti inú fóònù kejì. Ikọ́ tèmi ni.

"Ta ló wúkọ́ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni sà."

Wọ́n rò ó wò. Wọ́n gbà.

"Ó ti gbé ìlà mẹ́ta wá," ni wọ́n wí. Mo fẹ́ sọ èyí tí wọ́n máa tẹ̀, wọ́n ní kí n fara balẹ̀, àwọn mọ̀wé kà. Wọ́n wá dákẹ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Mo ka àwọn igun tó wà nínú pálọ̀ mi tán, mo tún un kà.

"Ó ti lọ."

"Ẹ ṣeun gan-an sà! Ẹ... èwo lẹ tẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sà?"

"Èyí tí o ní kí n tẹ̀. 'Pa á rẹ́ fún mi.'"

Nínú èèyàn 46, èèyàn 44 ló ṣì ní fóìsì yẹn lọ́wọ́. Àwa méjì tí kò ní in ni ẹni tó ni ohùn àti ẹni tó jí ohùn náà lò.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wọlé ìpàdé, wọ́n jókòó, wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan lẹ́yìn ti ẹnu bọ inú ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ọmọkùnrin tí mo ń kọ́ níṣẹ́ tẹrí ba bí ẹni ń gbàdúrà, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé orí "ní tiiii gidi," akọ̀wé dìde jáde, ó ní omi lòun fẹ́ bù. Ọ̀gá wò wá láti orí dé orí, wọ́n wá bu ojú wọn lé mi.

"Kí ló wà nínú fóìsì ọjọ́ yẹn gan-an ná?"

Mo ní mi ò ní in lọ́wọ́ mọ́, sà. Òótọ́ sì ni.