Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Wíwá Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́ fún Agùntáṣọọ́lò

Ẹni tó bá ga tó èmi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì márùn-ún, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìjókòó gíga ta kẹ̀kẹ́ fún òun. Bí àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ l'Abẹ́òkúta bá ti rí wa, wọ́n á fa irin ìjókòó yọ sókè, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gùn ún wò, ó bá yín mu." Ẹsẹ̀ á nà lóòótọ́, àmọ́ hándù ṣì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fi irú ẹ̀ gun òkè láti Lafenwa dé Aké, ẹ̀yìn á sọ̀rọ̀ lálẹ́.

Férémù gan-an ni kó tóbi. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fi ìwé líle há abẹ́ títí yóò fi kan òkè, kí ẹnì kan wọn ibẹ̀ dé ilẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 96 ni tèmi. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po 0.65 àti 0.67, ó fún mi ní nǹkan bíi 62 sí 64. Ìyẹn ni gígùn irin férémù tí irin ìjókòó máa ń wọ inú ẹ̀, láti àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí lọ sókè. Ínṣì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń wọn tiwọn láyé àtijọ́. 25 wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 63.5. Téèpù télọ̀ ti tó.

Níbi tí kẹ̀kẹ́ bá ti pọ̀ jọ gègèrè, iwájú ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Irin méjì ló wá láti ìdí hándù, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Lára férémù kékeré, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra níbẹ̀. Lára ńlá, àtẹ́lẹwọ́ mi gba àárín wọn. Táyà ńlá kì í ṣe ẹ̀rí o. Ínṣì 28 ni táyà Rálè dúdú tí àwọn bàbá àgbẹ̀ ń gùn lọ oko, síbẹ̀ férémù ínṣì 22 wà lára wọn.

Èmi fẹ́ràn àwọn tó ti Netherlands wá, Gazelle, Batavus, Koga-Miyata. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ga, férémù ńlá kì í ṣe tuntun sí wọn. Peugeot ilẹ̀ Faransé rẹwà, àmọ́ tíréèdì (ìlà tí wọ́n fi ń yí irin wọnú irin) ibi pẹ́dà lára ọ̀pọ̀ àtijọ́ wọn yàtọ̀. Bí bíárìn ibẹ̀ bá jẹ, ká tó rí ààrọ̀ rẹ̀, ojú á rí tó. Ọ̀pọ̀ Rálè (Raleigh) tí wọ́n ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní tíréèdì tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ tún ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà: 630 ni ínṣì 27, 622 ni irú táyà tí wọ́n ń pè ní 700C. Mílímítà mẹ́jọ péré, àmọ́ ọ̀kan kò bá èkejì mu.

Ẹ fi ìka pa abẹ́ irin ìsàlẹ̀, níbi tó ti so mọ́ iwájú. Bí ọ̀dà bá ká jọ níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ yẹn ti forí sọ nǹkan rí. Ẹ fi sílẹ̀. Kí wọ́n sì fa irin ìjókòó jáde pátápátá lójú yín, torí ipata lè ti lẹ̀ ẹ́ mọ́nú.

Ní ti owó, ẹ má kánjú. Ọjà tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í kanlẹ̀ lórí ẹ̀ kì í tètè tà, ẹni tó ń tà á sì mọ̀. Láti ìdajì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á bojú jẹ́, á ní kí n fi nǹkan sí i. Ẹ fi díẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ sì gba pọ́ǹpù ní èènì.