Plọ́mbà kan rí èékánná nínú kòtò amọ̀

Iṣẹ́ plọ́mbà ni mò ń ṣe, láti Mushin títí dé Ṣómólú, Yábàá àti Èbúté-Mẹ́ta. Ẹni tó bá bá mi ṣiṣẹ́ rí á ti gbọ́ lẹ́nu mi pé mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ egungun tó ti di òkúta, pàápàá ti àwọn ẹranko ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní dáínósọ̀. Àwọn oníbàárà máa ń béèrè pé kí ló kan plọ́mbà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èsì tí mo máa ń fún wọn ni pé plọ́mbà bíi tèmi ló rí ọ̀kan lára àwọn tó ṣe pàtàkì jù lọ tí wọ́n tíì hú jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. William Walker lorúkọ rẹ̀.

Oṣù Kìíní ọdún 1983 ni. Ọ̀gbẹ́ni Walker lọ sí kòtò amọ̀ kan tó ń jẹ́ Smokejacks, lẹ́bàá abúlé Ockley ní Surrey. Ilé iṣẹ́ tó ń sun bíríkì ló ń wa amọ̀ níbẹ̀. Kò síbi tí páìpù ti jò níbẹ̀ tí wọ́n fi pè é. Egungun ló ń wá, torí ìyẹn ni ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ó rí òkúta kan, òkúta náà là, èékánná ńlá ló wà nínú rẹ̀, ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé, ó jókòó tì í, ó tò ó pọ̀. Ìgbà tó tò ó tán ló rí i pé ṣóńṣó rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò. Ó padà sí kòtò yẹn, ó wá ṣóńṣó èékánná náà nínú ẹrẹ̀, ó sì rí i. Ẹni tó bá ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe rí, tí nọ́ọ̀tì kékeré kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ sínú omi ìdọ̀tí, á mọ irú sùúrù tí mò ń sọ. Ẹlòmíì á ní ìwọ̀nba tóun rí ti tó. Nígbà tó pé, gígùn èékánná náà, tí èèyàn bá wọ̀n ọ́n tẹ̀ lé ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 31. Rúlà tí àwọn ọmọ wa ń gbé lọ sílé ìwé kò gùn tó o.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló bá a gbé e lọ sí mùsíọ̀mù Natural History ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn onímọ̀ méjì tó yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ ni Alan Charig àti Angela Milner. Wọ́n ní kí òtútù kọjá ná. Ní oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà ọdún yẹn, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ gbẹ́ ibẹ̀. Òkúta tí wọ́n kó kúrò tó tọ́ọ̀nù méjì, wọ́n gé e sí ọ̀nà 54, wọ́n sì kó o lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nínú òkúta líle yẹn ni egungun wà, ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa parí, nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ara ẹranko náà ló wà níwájú wọn. Ẹni tó bá mọ bí dáínósọ̀ tó ń jẹran ṣe ṣọ̀wọ́n tó á mọ̀ pé nǹkan ńlá nìyẹn. Eyín kan, egungun ẹ̀yìn kan, ìyẹn náà ni wọ́n sábà máa ń rí.

Walker fi èékánná náà ta mùsíọ̀mù lọ́rẹ. Ilé iṣẹ́ bíríkì tó ni ilẹ̀ náà fi egungun tó kù sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì tún yá wọn ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbẹ́lẹ̀. Ní 1986, Charig àti Milner fún ẹranko náà ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí: Baryonyx walkeri. Orúkọ plọ́mbà wa ló wà níparí rẹ̀ yẹn, kò sì ní kúrò níbẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni inú ikùn ẹranko náà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 125 ọdún ló ti wà nínú ilẹ̀, síbẹ̀ wọ́n bá ìpẹ́ ẹja níbi tí ikùn rẹ̀ wà, omi ikùn ti jẹ ara ìpẹ́ náà. Wọ́n tún bá egungun ọmọ dáínósọ̀ mìíràn tó ń jẹ ewéko níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gùn tóóró bí ẹnu ọ̀nì, eyín rẹ̀ rí gbọọrọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tíì rí ẹ̀rí tó dájú pé irú dáínósọ̀ bẹ́ẹ̀ ń pa ẹja jẹ. Ẹ wo ohun tá ò bá má mọ̀ ká ní èékánná yẹn wà lórí pẹpẹ nínú yàrá ẹnì kan!

Kò sì tán síbẹ̀. Ní 1997, ẹgbẹ́ Paul Sereno, onímọ̀ nípa dáínósọ̀ láti Amẹ́ríkà, wá sí aṣálẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa níhìn-ín. Èékánná ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ rí níbẹ̀ náà. Ẹranko tó gùn tó mítà 11 ló jáde nílẹ̀ ọ̀hún, wọ́n sọ ọ́ ní Suchomimus tenerensis ní 1998. Ìbátan Baryonyx ni. Torí pé ti Walker ti wà ní mùsíọ̀mù níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbé tuntun kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n tètè mọ ìdílé tí ẹran ilẹ̀ Niger ti wá.

Mo ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ iṣẹ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi tá a ti ń la ilẹ̀ fún páìpù sókàwé. Ó dá ṣọ́bìrì dúró.

“Ọ̀gá, èló ni wọ́n fún un?”

Mo ní ó fi ta wọ́n lọ́rẹ ni.

“Ọ̀fẹ́? Ọ̀gá, ẹ̀yin ńkọ́, ẹ lè fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?”

Mo ní màá fi sílẹ̀. N kò bá a wí, torí ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún ẹni tó ń san owó ilé ní Mushin. Mo sì sọ òótọ́ fún un pé àwọn kan ń tà á. Wọ́n ta dáínósọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sue ní gbàǹjo ní 1997, ó pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là. Orí ló yọ wá tó jẹ́ pé Field Museum ní Chicago ló rà á, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ní 2020 wọ́n ta èyí tó ń jẹ́ Stan ní mílíọ̀nù 31.8 dọ́là, ó sì pé ọdún kan ààbọ̀ kí ayé tó mọ ibi tó wọlé sí. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Egungun tí onímọ̀ kò lè fojú kàn, tí ọmọ kékeré kò lè lọ wò, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín òun àti èyí tí kò tíì kúrò nínú ilẹ̀?

Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà ní Wales, Nick àti Rob Hanigan, tí wọ́n gba ọ̀nà Walker. Etíkun Lavernock ni wọ́n lọ ní 2014 níbi tí òkè ti ya, wọ́n sì rí egungun dáínósọ̀ kékeré kan tó ń jẹran nínú òkúta tó já bọ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù 201 ọdún. Wọ́n gbé e fún mùsíọ̀mù tó wà ní Cardiff. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ kan rí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ní etíkun kan náà, ẹsẹ̀ sì bá ara. Ní 2016 wọ́n sọ ọ́ ní Dracoraptor hanigani.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ta ló ń kọ́kọ́ rí ohun tó wà nínú ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmoníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 ni wọ́n fi dígà kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn lónìí. Ọ̀kan nínú wọn ti dé British Museum nígbà tó fi máa di 1939, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Ní Igbo-Ukwu, láàárín àkókò kan náà, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò tí yóò máa gba omi òjò sí nínú ọgbà rẹ̀ nígbà tó kan ohun èlò idẹ. Ọ̀pọ̀ lára rẹ̀ tàn ká ọwọ́ àwọn ará àdúgbò kó tó di pé wọ́n kó díẹ̀ jọ, ó sì di 1959 kí Thurstan Shaw, onímọ̀ tó ń wú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀, tó wá gbẹ́ ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní 1987, darandaran kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ilẹ̀ tó di ìpínlẹ̀ Yobe báyìí, ó kan ọkọ̀ ojú omi tó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún. Agbẹ́kànga, bíríkìlà, plọ́mbà: àwa la máa ń kọ́kọ́ débẹ̀.

Lóòótọ́, n kò retí dáínósọ̀ ní Mushin. Ilẹ̀ Èkó kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Tá a bá gbẹ́lẹ̀ lọ́nà ibí, ilẹ̀ pupa àti yanrìn là ń bá. Lápá ọ̀sà ní Èbúté-Mẹ́ta, ẹrẹ̀ dúdú àti ìkarahun ni. Àmọ́ Ewékorò kò jìnnà sí wa, ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta ló wà. Òkúta tí wọ́n ń fọ́ níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1960 láti fi ṣe sìmẹ́ńtì jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun nígbà kan, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, kété lẹ́yìn tí àwọn dáínósọ̀ ńlá pa rẹ́. Ìkarahun àti akàn tó ti di òkúta wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bá ń po sìmẹ́ńtì láti fi dí ẹ̀gbẹ́ páìpù, mo máa ń rò ó pé ẹran inú òkun ayé àtijọ́ lè wà nínú ohun tí mò ń pò. Lábẹ́ òkúta yẹn gan-an ni yanrìn tó jẹ́ ti ayé àwọn dáínósọ̀ wà. Ní Sókótó sì rèé, wọ́n ti rí ẹran abàmì inú òkun kan tó gbé ayé ní ìgbẹ̀yìn àwọn dáínósọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Goronyosaurus nigeriensis. Orúkọ ìlú wa wà lára rẹ̀. Ọmọ mélòó ló ti gbọ́ ọ rí nílé ìwé?

Nítorí náà, mo ti bá àwọn tá a jọ ń gbẹ́lẹ̀ sọ ọ́. Bí dígà bá kan ohun tó ṣàjèjì, ẹ dúró. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ níbi tó wà, kí rúlà tàbí tépù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí èèyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ wọn bí kòtò ṣe jìn tó. Ẹ sọ fún onílé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn ará mùsíọ̀mù Oníkàn gbọ́. Ohun tí wọ́n rí ní Igbo-Ukwu wà lára ohun tí èèyàn lè rí ní Oníkàn yẹn. Mo máa ń mú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ohun tó lè wà lábẹ́ ṣọ́bìrì.

Ohun tí mò ń wá báyìí ni ẹni tó lè gbàyè fún wa láti wọ kòtò Ewékorò, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ni ín, ká kàn wo àwọn òkúta tí wọ́n ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Akoto àti bàtà iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Màá mú ọmọ iṣẹ́ mi yẹn dání, torí ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ.