Kí o tó pààrọ̀ pẹ́ẹ̀gì gìtá àtijọ́

Gìtá oníná tó ti pẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri Adó-Èkìtì àti Ìkẹ́rẹ́, pẹ́ẹ̀gì tó ń fa okùn le sì máa ń jẹ lára wọn. Ṣùgbọ́n má tètè dá pẹ́ẹ̀gì lẹ́bi. Bí okùn bá ń há sójú ihò tóóró tó gbà kọjá nísàlẹ̀ orí gìtá, tó ń dún "tín" bí o ti ń fà á, fi ẹnu pẹ́ńsù kun ibẹ̀ ná. Pẹ́ẹ̀gì tó jẹ lóòótọ́, wàá yí i díẹ̀ kí okùn tó mọ̀ ọ́n lára.

Wọn ihò tí pẹ́ẹ̀gì ń wọ̀ lórí gìtá kí o tó rajà. Ọ̀pọ̀ gìtá àtijọ́ ní ihò tó tó mìlímítà 8.7, ọ̀pọ̀ pẹ́ẹ̀gì òde òní sì ń fẹ́ 10. Má fi dírílì fẹ ihò náà: igi lè ya, ọ̀dà á sì ṣí. Wá èyí tó bá a mu. Bí ihò bá ti fẹ̀ jù, òrùka irin tó ń dín in kù wà.

Ihò súkúrúù ni ìṣòro gan-an. Ti igi ìtayín tí o rì sínú gúlù igi bọ ihò àtijọ́, gé e, kí o fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Fi dírílì tó tín-ín-rín ju súkúrúù lọ lu ihò tuntun. Fi ọṣẹ pa súkúrúù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ lè já, kí ìyókù há sínú igi. Yíyọ ọ́ kò rọrùn rárá.

Yí okùn po ọ̀pá pẹ́ẹ̀gì ní ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Lásìkò ọyẹ́, igi ń gbẹ, ó sì ń sún kì, nítorí náà tún gbogbo nọ́ọ̀tì tó di pẹ́ẹ̀gì mú fún.