Ẹni Tó Ń Ṣe Yógà, Kó Wá Sí Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni bá fẹ́ mọ̀ bóyá yógà, ìyẹn nínà ara àti mímí pẹ̀lú ìfọkànsí, ti wọ òun lára, kó gbé ẹní rẹ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Manchester tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, yàrá lọ́ wọ́ọ́rọ́, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó ń pariwo.

Iṣẹ́ òru ló sún mi débẹ̀. Kéèyàn máa pín oògùn kí ọkàn sì wà lórí owó ilé, ewu ni. Mo bá wọ kíláàsì yógà àti àṣàrò ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ kan, irú èyí tí ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, Jon Kabat-Zinn, dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts lọ́dún 1979 fún àwọn aláìsàn tí ìrora wọn kì í lọ. O máa jókòó, o máa tẹ̀ lé èémí bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Kò ní pẹ́ tí ọkàn yóò fi sá lọ sọ́jà. Má bá a jà, rọra mú un padà. Mímú un padà yẹn gan-an ni iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí ọkàn ṣófo.

Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, màmá mi ká mi mọ́ orí ẹní ní pálọ̀. "Àjọkẹ́, kí lò ń ṣe yìí? Ṣé kì í ṣe òrìṣà àwọn ará Íńdíà lo lọ gbà bọ̀?" Ẹ má gbàgbé, ìlú tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ lọ́dún 1898 la wà. N ò lè purọ́ fún wọn. Inú ẹ̀sìn Íńdíà ni yógà ti wá lóòótọ́. Dharana, ìyẹn fífi ọkàn sójú kan, ni ìpele kẹfà nínú mẹ́jọ tí Patanjali, ọlọ́gbọ́n Íńdíà àtijọ́ kan, tò sílẹ̀. Mo ní èmi ò kọ orin ẹ̀sìn náà, n ò pe orúkọ òrìṣà kankan, mímí àti nínà ara ni mo mú níbẹ̀. (Àwọn kan á ní ìyẹn kì í ṣe yógà mọ́. Wọ́n lè jàre.) Màmá ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Àwa náà ń ṣe àṣàrò láràárọ̀, a kàn kì í gbé ẹsẹ̀ sókè ni."

Ariwo ló wá kù. Jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì, ìpè àdúrà, ọlọ́kadà tó ń sáré lọ sí Takie, àkùkọ tí kò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán! Mò ń ka èémí, kí n tó dé ẹ̀ta mo ti sọnù. Ni mo bá yí i padà: mo fi jẹnẹrétọ̀ náà ṣe ohun tí mò ń fetí sí. Bí ọkàn bá ṣí kúrò, ìró rẹ̀ ni mò ń padà sí. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi ìgbà tí wọ́n bá mú iná dé, tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ lójijì, tí gbogbo àdúgbò sì hó yèè: "Up NEPA!"

Ọmọ LAUTECH tó háyà yàrá lẹ́yìnkùlé wa ti ń dán an wò kó tó kàwé. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó, kó jókòó sórí àga bí ẹsẹ̀ bá ń ro ó, kó sì gbé fóònù fún màmá mi. Ó gba gbogbo rẹ̀, ó ku ti fóònù.