Ebi tí àìsùn tó ń fà

Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí ní Ìkòròdú kí ó tó lè débi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, tí kì í sì í rí ibùsùn kí aago mọ́kànlá alẹ́ tó lù, wákàtí márùn-ún ló ń sùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, bísíkíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò tútù ni ọkàn rẹ̀ á máa fà sí. Àwọn ará ilé lè pè é ní wọ̀bìà. Wọ̀bìà kọ́ rárá.

Kẹ́míkà méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ghrelin, tó ń ti inú ikùn wá, ló ń kéde ebi fún ọpọlọ. Leptin, tí ọ̀rá ara ń ṣe, ló ń sọ pé ó ti tó. Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Chicago ṣàyẹ̀wò ọ̀dọ́kùnrin 12 tí ara wọn dá ṣáṣá: òru 2 tí wọ́n fún wọn ní wákàtí 4 péré lórí ibùsùn, àti òru 2 tí wọ́n fún wọn ní wákàtí 10. Nígbà tí oorun kéré, leptin fi ìdá 18 nínú 100 dín kù, ghrelin fi ìdá 28 lọ sókè, ebi sì fi ìdá 24 le sí i. Òru 2 péré mà ni o!

Ènìyàn 12 kò pọ̀, lóòótọ́. Èyí tó dá mi lójú jù ni ti ọdún 2022, ní Chicago kan náà: àwọn 80 tí wọ́n sanra díẹ̀, tí oorun wọn kò tó wákàtí 6 ààbọ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́ bí wọ́n á ṣe tètè sùn rí oorun bíi wákàtí kan lé díẹ̀ kún tiwọn, oúnjẹ wọn sì fi nǹkan bíi kálórì 270 dín kù lójúmọ́. Ìyẹn ju ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n dín oúnjẹ kù.

Ahọ́n fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tí kò sùn ṣì mọ̀ pé tíì ti dùn, àmọ́ ṣúgà tó ń tẹ́ ẹ lọ́rùn tẹ́lẹ̀ kò ní tó o mọ́.

Ẹni tó ń dín oúnjẹ kù kó lè fọn náà kò gbọdọ̀ fi oorun ṣeré. Bí oorun kò bá tó, òṣùwọ̀n lè máa wálẹ̀, kó sì jẹ́ pé iṣan ló ń lọ púpọ̀, tí ọ̀rá ṣì jókòó síbẹ̀.

Ibo la ti lè bẹ̀rẹ̀? Obì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àti gbànja àti abàtà ló ní kaféènì bíi ti kọfí, ìdajì rẹ̀ sì lè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 5. Ẹni tó fẹ́ sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, kó má jẹ obì lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán.

Oúnjẹ alẹ́ ló le jù, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í jẹ́ ká tètè délé. Ẹ jẹ oúnjẹ gidi níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́rin sí márùn-ún, ìrẹsì àti ẹ̀wà bí àpẹẹrẹ. Tí ẹ bá délé, ẹ̀kọ kan àti mọ́ínmọ́ín kan tó. Ẹ̀bà ńlá pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, ká sì sùn lé e lórí, ló ń jẹ́ kí omi kíkan inú ikùn gòkè wá jó àyà, kó sì jí ni lóru. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́, ẹ dúró wákàtí 3, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Ohun tó yẹ kó gbé orí sókè ni pákó 15 sẹ̀ǹtímítà lábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí. Ìrọ̀rí tí a tò léra á ká ikùn pọ̀ ni.

Fún nọ́ọ̀sì àti mẹ́gádì tó ń ṣiṣẹ́ òru: ẹ jẹ oúnjẹ tó pọ̀ kí ẹ tó wọṣẹ́. Láàárín òru, ara kì í lè bójú tó ṣúgà bíi ti ọ̀sán, nítorí náà ẹyin tàbí ẹ̀pà díẹ̀ sàn ju búrẹ́dì lọ.

Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 tètè sùn sí i, bí ó bá ti mọ́ra fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún fi 15 mìíràn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń hanrun kíkan, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, tó sì ń tòògbé lọ́sàn-án bó tilẹ̀ sun wákàtí 8, dókítà ni kó lọ rí. Oorun wákàtí 9 kò ní wo ìyẹn.