Ìwé Tí Mo Dá Padà Kí N Tó Rà Á

Sátidé, alẹ́

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wo àwòrán mẹ́rin. Mo wò wọ́n lórí fóònù, mo wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, mo sọ wọ́n di ńlá títí lẹ́tà fi fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú mi. Ìwé Suttree ni, ẹ̀dà àkọ́kọ́, èyí tí ilé ìtẹ̀wé Random House kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1979. Ẹni tó ń tà á ní Cormac McCarthy, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó kọ ọ́, fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, lójú ewé tí àkọlé wà. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ìwé tí mo ti ń wá láti ọdún mẹ́sàn-án rèé. Lálẹ́ òní ni mo kọ̀wé sí i pé mi ò rà á mọ́. Mo fẹ́ kọ bó ṣe jẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná lára mi.

Ẹni tó mọ McCarthy láti ìgbà tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2007 lè máa rò pé ìwé rẹ̀ ò wọ́n níbì kankan. Ìwé tuntun rẹ̀ kò wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 1965 ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ó sì di 1992, nígbà tí All the Pretty Horses dé, kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó wà láàárín, kò sí ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ eléèpo líle tó tà ju ẹ̀dà 5,000 lọ. Ìwọ̀nba èèyàn tó ń kà á nígbà náà fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó, wọ́n ń yá ara wọn ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ sí ọwọ́. Àwọn tó kù ò mọ̀ pé ó wà láyé. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ àwọn ìwé yẹn fi ṣọ̀wọ́n. Kì í ṣe pé àwọn kan kó wọn pamọ́. Wọn ò tẹ púpọ̀ ni, àwọn tó sì rà wọ́n rà wọ́n láti kà.

Mo ní ìwé rẹ̀ Blood Meridian ti 1985, èyí tí kò ní ìfọwọ́sí. Ní etí rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí gbogbo ewé ti parapọ̀, àmì yíǹkì kan wà tí kò tó orí ìka kékeré. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sára ìwé tí kò tà, tí wọ́n fẹ́ tà lówó pọ́ọ́kú kí àyè lè ṣí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a padà gba owó tó pé. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé yẹn tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ kò mọ níwọ̀n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, mo máa ń yí ìdí ìwé náà sí ògiri bí àlejò bá wọlé. Ní báyìí, àmì yẹn gan-an ni ọwọ́ mi máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé wáá ń kà mọ́ ìwé ńlá Amẹ́ríkà ti jókòó rí láàárín àwọn ìwé tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, ẹnì kan sì na ọwọ́, ó mú un lọ sílé. Mi ò mọ ẹni náà. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká padà sórí Suttree. Nǹkan bí ogún ọdún ni McCarthy fi kọ ọ́, tó ń gbé e sílẹ̀, tó tún ń padà sí i. Nínú gbogbo ohun tó kọ, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, níbi tí àwọn òǹtẹ̀wé ń kọ ọdún àti nọ́ńbà sí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣìnà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé, nọ́ńbà 1 gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà nọ́ńbà tó ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìwé náà kí ó tó jẹ́ ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́. Ti Random House yàtọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: 2 ni nọ́ńbà tó kéré jù lórí ìlà wọn, ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n máa yọ. Mo mọ ẹnì kan tó jọ̀wọ́ ìwé gidi sílẹ̀ torí pé kò rí 1. Ti inú àwòrán yìí pé pérépéré. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bébà tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn ìwé, náà wà, wọn ò gé igun tí iye owó wà. Ara mi yá gágá.

Ìfọwọ́sí ló kù. Mo gbé All the Pretty Horses mi sílẹ̀, èyí tó ní ewé tí òǹkọ̀wé náà ti fọwọ́ sí kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé. Mo tan iná kékeré sí i láti ẹ̀gbẹ́, mo sì fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Níbi tí kálàmù ti kọ́kọ́ balẹ̀, yíǹkì náà dúdú, ó rin díẹ̀ wọ inú bébà. Lẹ́yìn náà ó sáré. Ìlà náà fẹ́lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá níbi tí ọwọ́ ti fò, ó tún wá nípọn níbi tó ti padà balẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ kì í ronú. Nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, bákan náà ni ìlà náà nípọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń gbọ̀n wínníwínní níbi tó yẹ kó ti sáré. Ó dà bí ọwọ́ ẹni tó ń wo nǹkan kan kó tó fà á.

Síbẹ̀, mo ń bá a wá àwáwí. Mo ní bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní bóyá orí itan ló ti kọ ọ́. Ohun tí ojú ń wá lojú ń rí.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Mo pè wọ́n láàárọ̀ yìí. Wọn ò tiẹ̀ béèrè nípa yíǹkì. Wọ́n ní, "Àbúrò, ibo ni wọ́n ti rí ìwé náà?" Mo ka ohun tí olùtajà kọ fún wọn: pé bàbá òun tò sórí ìlà nílé ìtàwé lọ́dún tí ìwé náà jáde, pé McCarthy ka díẹ̀ létí gbogbo èèyàn, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "O ti gbọ́ ohun tó ò ń kà?"

Mo gbọ́ ọ. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, mi ò kàn fẹ́ mọ̀ ni. McCarthy kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í kàwé fún èrò, kì í jókòó sídìí tábìlì nílé ìtàwé. Nígbà tí New York Times kọ nípa rẹ̀ ní 1992, bó ṣe ń sá fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ. Ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ sọ níbẹ̀ pé bí àwọn yunifásítì bá fẹ́ fún un ní dọ́là 2,000 kó wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé rẹ̀, á ní gbogbo ohun tí òun ní láti sọ ti wà nínú ìwé náà, àwọn á sì tún jẹ ẹ̀wà fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ṣé ẹni tó kọ dọ́là 2,000 nígbà tí ebi wà nílé ló máa jókòó sílé ìtàwé kan ní 1979?

Ohun tó jẹ́ kí ìfọwọ́sí rẹ̀ jọ mí lójú náà nìyẹn. Nígbà tí The Road jáde ní 2006, ó fọwọ́ sí ẹ̀dà 250, ó sì kó gbogbo wọn fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ tí ìwé náà wà fún, kó lè tà wọ́n bó bá dàgbà. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ní 2009 ó fi táípúráítà tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀ fún gbàǹjo, Olivetti tó ra ní dọ́là 50 ní nǹkan bí 1963. Dọ́là 254,500 ni wọ́n rà á, ó sì fi owó náà ta ilé ìwádìí ìmọ̀ kan lọ́rẹ. Ó mọ̀ pé àwa tó fẹ́ràn rẹ̀ ń wá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. Ẹni tó bá wù ú ló ń fún. Ó kú ní 2023, iye tó wà nílẹ̀ kò ní í lé sí i mọ́.

Mi ò pe olùtajà náà ní òpùrọ́. Ó lè jẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún un ló ṣe sọ ọ́ fún mi, ó sì lè jẹ́ pé ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí ni bàbá náà rà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo kọ sí i pé: "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fún mi láyè. Mi ò ní í lè rà á, torí òǹkọ̀wé yìí kì í ṣe irú ìpàdé tẹ́ ẹ sọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa ìfọwọ́sí yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó tà á fún ẹlòmíì." Ó dáhùn ní ìlà kan péré pé òun dúpẹ́.

Mo jẹun, mo nu orí ṣẹ́ẹ̀fù, mo pààrọ̀ ike títàn tí mo fi bo jákẹ́ẹ̀tì Blood Meridian torí pé ti àtijọ́ ti ń pọ́n. Kí n tó sùn, mo ṣí ojú ewé tí ìwé náà wà fún títà. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti rà á. Ẹnì kan ti rà á láàárín wákàtí mẹ́ta, àwòrán kan náà, ìtàn ilé ìtàwé náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Lọ́la tàbí lọ́tùnla, ìwé náà á dé ọwọ́ rẹ̀. Á jókòó, á fi ìka tọ́ ìlà yẹn lẹ́sọ̀ lẹ́sọ̀.